Gbogbo Ọ̀rọ̀ Tó Bẹ̀rẹ̀ Pẹ̀lú C

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Àbíkẹ́yìn mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ọmọ ọmọ mi ńkọ́, ẹni ọdún mẹ́rin tí mi ò tíì fọwọ́ kàn? Èmi náà wà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣì ń dùn mí tí mo bá jókòó pẹ́ ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣùgbọ́n mo ṣì ń ránṣọ, ojú mi sì ṣì ń rí ihò abẹ́rẹ́. Lẹ́tà rẹ tó kẹ́yìn dé. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni, mo kà á tán kí omi tí mo gbé kaná tó hó. Ṣé ìwé ti wọ́n lọ́dọ̀ yín ni?

Ìròyìn wà. Àwọn tó ń fúnni ní físà ti kọ̀wé sí mi. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹfà ni wọ́n fẹ́ rí mi. Wọ́n ní kí n wá fúnra mi, wọ́n máa bi mí ní ìbéèrè nípa rẹ, tí ohun tí mo bá sọ bá sì bá ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́ sí wọn mu, wọ́n á jẹ́ kí n wá. Ó ti pé ọdún méje tí mo fojú kàn ọ́ kẹ́yìn. Mo ti ka iye ọjọ́ tó kù lórí kàlẹ́ńdà lẹ́ẹ̀mẹta láti àárọ̀.

Wọ́n ní ògbufọ̀ wà níbẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ò fẹ́ ògbufọ̀. Ìyàwó awakọ̀ tó ń gbé lókè wa lọ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó sọ̀rọ̀ títí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó o, ògbufọ̀ sì fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré sọ gbogbo rẹ̀. Wọn ò fún un. Ẹnu ara mi ni mo fẹ́ fi sọ tèmi. Nítorí náà mo ti wọ kíláàsì àwọn àgbàlagbà tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, ọ̀sán Mọ́ńdé àti ọ̀sán Tọ́sìdeè. Orí àga ọmọdé la ń jókòó sí, orúnkún mi ń kan tábìlì.

Bí Tíṣà wa ṣe ń kọ́ wa nìyí: ó máa ń kó àwọn ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ wọn jọra sójú pátákó. Wọn ò lè torí mi padà sí A. C ni mo bá wọn. Ti ọ̀sẹ̀ yìí, C àti A ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn: call, carry, care, careful, candle, cabbage. Ó ní kí kálukú lọ wá bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní ọmọ mi wà níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, gbogbo kíláàsì sì yíjú wò mí.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí, má sì bá mi jiyàn. Má da ìwé atúmọ̀ èdè kọ fún mi, Tíṣà ní tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ìwọ gan-an jáde lọ́sẹ̀ yẹn ni kí o kọ, gbólóhùn kan fún ọ̀rọ̀ kan. Kọ ọ́ lédè wa sínú lẹ́tà kó lè yé mi, kí o wá kọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sínú abala ìwé ọ̀tọ̀ fún Tíṣà. Ara èèyàn ni mo ti ń wọn aṣọ, mi ò wọ̀n ọ́n lára ògiri rí. Carry yìí ló ń bí mi nínú jù. Mo bi Tíṣà pé ṣé gbé ni, àbí rù, àbí pọ̀n, àbí kó, ó ní gbogbo rẹ̀ ni. Báwo ni ọ̀rọ̀ kan ṣe máa jẹ́ gbogbo rẹ̀? Ẹni tó pọn ọmọ àti ẹni tó ru igi, ṣé ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe?

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ló kù. Wọ́n máa bi mí níṣẹ́ tí o ń ṣe. Ìyàwó awakọ̀ ní ìbéèrè yẹn ni wọ́n tẹ̀ mọ́ òun lára jù. Mo mọ̀ pé ọ́fíìsì lo wà, o ti sọ ọ́ fún mi láti ọdún tí o débẹ̀, ṣùgbọ́n kí lò ń ṣe nínú ọ́fíìsì ọ̀hún? Kọ ọ́ fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì kí n lè há a sórí.

Èmi ìyá rẹ.


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹta

Màmá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo wa wà, a dúpẹ́. Ọmọ ọmọ yín ń béèrè yín. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ga tó ilẹ̀kùn.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà yín yẹn ń bí mi nínú. Ta ló ń kọ́ àgbàlagbà ní èdè báyìí? Kò ju oṣù mẹ́rin lọ tí ẹ ní. Tó bá jẹ́ pé lẹ́tà lẹ́tà ló fẹ́ máa gbà á, kí ẹ tó dé N tí name wà, ọmọ mi á ti wọ yunifásítì. Kò sẹ́ni tó máa bi yín ní cabbage níbẹ̀. Orúkọ yín ni wọ́n máa bi yín, ọjọ́ orí yín, iye ọmọ yín, ìgbà tí ẹ máa padà sílé. Mo ti kọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá sínú abala ìwé yẹ́lò kan, ìdáhùn wọn wà nísàlẹ̀. Ẹ há a sórí, kí ẹ sì fi kíláàsì sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ yín, ẹ ò ní gbà. Ti C àti A nìyí. Inú ọkọ̀ tí mo wọ̀ bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ni mo ti kọ ọ́, ó ti rẹ̀ mí, ẹ má wo bí ìwé náà ṣe rí.

Call. "Ẹ pè mí tí ẹ bá ti fẹ́ dìde."

Carry. "Èmi nìkan ò lè gbé yín, ẹ jẹ́ kí ẹnìkejì mi dé." Gbé ni mo lò ó fún. Ẹ̀yin ẹ lè lò ó fún báàgì yín.

Careful. "Ẹ rọra o, omi wà nílẹ̀."

Care yìí ló le díẹ̀. Ìtọ́jú ni, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan sọ pé I don't care, ohun tó ń sọ ni pé kò kan òun rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán ìyẹn wò níwájú òṣìṣẹ́ físà. Candle àti cabbage, mi ò tíì fẹnu pè wọ́n rí láti ìgbà tí mo ti débí. Ẹ fò wọ́n.

Ní ti iṣẹ́ mi, ẹ ṣáà sọ pé ọmọ yín ń ṣiṣẹ́, ó sì ń ṣe dáadáa. Ìyẹn ti tó. Ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di ńlá.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹta

Àbíkẹ́yìn mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ. Sọ fún ọmọ ọmọ mi pé mi ò ga tó ilẹ̀kùn. Sọ fún un pé láti ọmọ ọdún méjìlá ni bàbá rẹ̀ ti ga jù mí lọ, látìgbà náà ni kò sì ti fẹ́ gbọ́ràn mọ́.

O ní kí n fi kíláàsì sílẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ohun tí abala yẹ́lò rẹ fojú mi rí. Ọjọ́ méjì ni mo fi há a sórí, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo lọ kà á fún Tíṣà, ó tẹ́tí sílẹ̀ títí mo fi parí. Ó wá fi ìbéèrè kẹta ṣáájú ìkejì, ìyẹn nìkan ló ṣe o, mo sì dá a lóhùn pé ọmọ ọdún méjì ni mí, mo sì bí ọmọ mẹ́rìndínláàádọ́rin. Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe fi dorí kodò. Ohun tí mo há sórí láì yé mi, wọn ò tíì fọwọ́ kàn án tó fi tú ká. Mo fẹ́ kó yé mi. Ṣé ìyẹn ti pọ̀ jù láti ọwọ́ ẹni tó bí ọ?

Àwọn gbólóhùn rẹ dára. Tíṣà kọ wọ́n sójú pátákó, ó ní èèyàn gidi ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọkùnrin oníbàtà yẹn ti ń sọ careful fún gbogbo oníbàárà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta lò ń gbé ní ọ́fíìsì? Mo ní bóyá ẹnì kan ló dákú lọ́jọ́ náà.

C àti H la wà báyìí: chair, change, chin, child, cheese. Rántí, èyí tó ti ẹnu rẹ jáde ni kí o kọ.

Tíṣà ti ń kọ́ wa bí wọ́n ṣe máa ṣe é níbẹ̀. Ó máa ń jókòó sẹ́yìn tábìlì, á fa awò ojú rẹ̀ wá sí orí imú, á wá máa ṣe bí ẹni tí inú ń bí. Ó bi mí níṣẹ́ ọmọ mi. Mo ní ọ́fíìsì. Ó ní kí ló ń ṣe nínú ọ́fíìsì? Mo dákẹ́. Ó ní ìdákẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n máa kọ sílẹ̀. Ojú tì mí, níwájú gbogbo èèyàn, pé mi ò mọ iṣẹ́ ọmọ tí mo bí. O ní kí n má sọ ọ́ di ńlá. Ìwọ lò ń sọ ọ́ di ńlá, pẹ̀lú bí o ò ṣe fẹ́ dáhùn. Mo tún bi ọ́: kí ni iṣẹ́ rẹ?

Èmi ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹrin

Màmá mi,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìrọ́jú ẹsẹ̀. Ẹ má bínú pé lẹ́tà yìí kúrú. Àwọn méjì ló fi iṣẹ́ sílẹ̀ níbi iṣẹ́ wa, àwa tó kù la pín tiwọn ṣe, mi ò fi bẹ́ẹ̀ ráyè fìdí kan àga. Ti C àti H nìyí.

Chair. "Ẹ jẹ́ kí n ti àga yín sójú fèrèsé."

Change. "Mo fẹ́ pààrọ̀ aṣọ ibùsùn yín." Ẹ tún lè lò ó fún kéèyàn pààrọ̀ aṣọ ọrùn rẹ̀.

Chin. "Ẹ gbé àgbọ̀n yín sókè kí n nu ọrùn yín."

Child. "Ọmọ wọn ò wá lọ́sẹ̀ yìí náà."

Cheese ò kan ẹnikẹ́ni.

Ní ti ìbéèrè yín, mo ń bọ̀ wá dáhùn rẹ̀. Ẹ fún mi láyè díẹ̀.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹrin

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ka lẹ́tà yìí síta, ẹ má sì gbé e sílẹ̀ síbi tí Màmá ti lè rí i.

Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ pé kò sí ọ́fíìsì kankan. Ọdún méje tí mo ti wà níbí, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mò ń wẹ̀ fún wọn, mò ń wọṣọ fún wọn, mò ń gbé wọn láti ibùsùn sórí àga. Ẹ rántí ìgbà tí mò ń bọ̀, Màmá rán ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta fún mi, wọ́n fi ohun líle sínú kọ́là rẹ̀, wọ́n ní ṣẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì nìyẹn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ̀wé sí wọn pé aṣọ búlúù kan báyìí àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni mò ń wọ̀? Mo ní ọ́fíìsì. Mo rò pé kí ọdún tó yí mo máa ti rí ọ́fíìsì lóòótọ́.

Ibi tó ti di wàhálà nìyí. Iṣẹ́ mi gan-an ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù tí mo fi ránṣẹ́ sí àwọn oní-físà, nítorí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Tí Màmá bá débẹ̀ tí wọ́n bá sọ pé ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ wọn ò ní bá ti fọ́ọ̀mù mu, àwọn oní-físà ò sì ní jẹ́ kí Màmá wá. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún wọn, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin lẹ mọ bí ẹ ṣe máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ tí inú wọn kì í fi í bàjẹ́. Mo ti mú bírò lẹ́ẹ̀mẹfà láti sọ ọ́ fúnra mi, cheese ni mo ń kọ.

Àbúrò yín.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún

Àbúrò mi,

Mo gba lẹ́tà rẹ. Mi ò ní bi ọ́ pé ṣé dáadáa lo wà, nítorí inú ń bí mi.

Mi ò ní bá ọ sọ ọ́. Nígbà tí o bẹ̀rẹ̀ irọ́ yìí, o ò bi mí. Ó tó ọdún mẹ́ta kí o tó jẹ́wọ́ fún mi, látìgbà náà ni mo sì ti ń jókòó ti Màmá tí wọ́n ń júwe ọ́fíìsì rẹ fún àwọn oníbàárà, títí kan àga tó ń yí po, èmi á sì máa wolẹ̀. Tí mo bá là á fún wọn báyìí, ohun méjì ni wọ́n máa gbọ́: pé o purọ́, àti pé èmi náà bá ọ bò ó. Ti ìkejì yẹn ni wọ́n máa dì mú, torí èmi ni wọ́n ń rí lójoojúmọ́. Ìwọ ti lọ jókòó sọ́nà jíjìn.

Kí ló tiẹ̀ burú nínú iṣẹ́ ọ̀hún? Tó bá jẹ́ pé èmi ni, orí ìyá mi á wú láti gbọ́ ọ. Ìwọ lo kó ìtìjú lé e lórí. Kọ ọ́ sí wọn fúnra rẹ, kí o kọ ọ́ lọ́jọ́ tí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìwé ń gbà.

Ohun kan tún wà. Àràárọ̀ ni Màmá ń dúró síwájú dígí tí wọ́n ń ka àwọn gbólóhùn rẹ sókè. Mo gbọ́ ti àgbọ̀n yẹn, ara mi bù máṣọ. Ṣé o tiẹ̀ ń ka ohun tí o ń kọ kí o tó lẹ̀ ẹ́?

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo kí yín o. C àti L la wà: clean, clothes, close, climb, clock.

O ní kí n fún ọ láyè. Mo ti fún ọ. Mo bi ọ́ lóṣù kejì, mo bi ọ́ lóṣù kẹta, ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí, mi ò ní bi ọ́ mọ́. Mo ń to àwọn gbólóhùn rẹ sínú ìwé kan, mo sì ń kà wọ́n dáadáa. Tí ohun kan bá wà tí o fẹ́ sọ fún mi, sọ ọ́. Tí kò bá sí, ọ́fíìsì lo sọ fún mi, ọ́fíìsì náà ni mo máa sọ níwájú wọn, mi ò sì ní yẹ̀ lórí rẹ̀.

Èmi ìyá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Màmá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí.

Lẹ́tà yín dé lánàá. Mo sáré lọ pe ilé ìpè tẹlifóònù tó wà nígun àdúgbò yín, wọ́n sì ránṣẹ́ pè yín. Kí ẹ tó gbá tẹlifóònù mú ni mo ti ń gbọ́ ohùn yín, tí ẹ ń sọ fún gbogbo àwọn tó tò síbẹ̀ pé kí wọ́n yà fún yín, ọmọ yín tó wà ní ọ́fíìsì ló ń pè. Nígbà tí ẹ ní "Hẹ́lò", ọ̀rọ̀ mìíràn ni mo mú bọnu. Mo béèrè ẹsẹ̀ yín. Ẹ ní ó ń dùn yín. Mo ní kí ẹ máa fi omi gbígbóná jó o, mo sì gbé tẹlifóònù sílẹ̀. Mo bínú sí ara mi débi pé mi ò lè dúró de ọkọ̀, mo fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, mo pẹ́, wọ́n sì bá mi wí.

Kò sí ọ́fíìsì, Màmá. Kò sí i rí. Ilé kan ni mo wà tó ní yàrá méjìlélọ́gbọ̀n, arúgbó kan nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, èmi sì wà lára àwọn tó ń tọ́jú wọn. Ìyá kan wà níbẹ̀, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, tí kì í gbà kí ẹlòmíì wẹ òun àfi èmi. Ẹ bi mí ní clean. Tí mo bá ti nu ìyá náà gbẹ tán, ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé, "Ẹ ti mọ́ báyìí, ẹ wo bí ẹ ṣe ń dán." Wọ́n á ní òpùrọ́ ni mí. Tí mo bá ń fi ìpara ra ẹsẹ̀ wọn, tiyín ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, inú á wá bí mi sí gbogbo nǹkan.

Ojú ló ń tì mí. Ìyẹn nìkan ló fa irọ́ yẹn, kò sí ìdí míì. Àwọn gbólóhùn tí mò ń kọ sí yín, ohun tó wà lẹ́nu mi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nìyẹn, mi ò tiẹ̀ rò ó pé ẹnì kan lè wo inú wọn kó rí mi.

Tí wọ́n bá bi yín níṣẹ́ mi, ẹ sọ pé carer. Ẹ ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, care tí ẹ kọ́ lóṣù kejì ni. Iṣẹ́ náà ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù. Ẹ má sọ ọ́fíìsì, Màmá, mo bẹ̀ yín. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ló kù. Mo ní kí wọ́n fi lẹ́tà yìí sínú èyí tó yá jù tí wọ́n ní, ọkùnrin ilé ìfìwéránṣẹ́ ní òun ò lè ṣèlérí. Tí mo bá tún pè yín, omi gbígbóná náà ni mo tún máa sọ.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Bá mi kí ìyàwó rẹ, bá mi kí ọmọ ọmọ mi. Ìwọ, mi ò tíì mọ bí mo ṣe fẹ́ kí ọ.

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ kẹrìnlélógún. Ọjọ́ kọkànlélógún ni mo lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ sìn mí dé ẹnu géètì, wọn ò jẹ́ kó wọlé. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn láti aago mẹ́jọ títí aago fi lu méjìlá. Nígbà tó kàn mí, ògbufọ̀ bá mi wọlé, mo ní kó máa lọ, ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ọ̀dọ́kùnrin ni òṣìṣẹ́ náà, kò tó ọ lọ́jọ́ orí, yíǹkì ti ta sí àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó bi mí lórúkọ, ó bi mí lọ́jọ́ orí, ó ń ti ibí bọ́ sí ọ̀hún, mo sì ń tẹ̀ lé e. Ó bi mí níṣẹ́ mi, mo ní clothes ni mò ń rán. Ó fọwọ́ kan àpò rẹ̀ tí yíǹkì ta sí, ó ní ṣé mo lè bá òun tún un ṣe, a jọ rẹ́rìn-ín. Ìgbádùn ni mo ń gbádùn, o gbọ́. Èmi àti òun la jọ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Ó wá bi mí níṣẹ́ rẹ.

Jẹ́ kí n sọ fún ọ pé mo mọ̀. Láti ìgbà tí ti àgbọ̀n dé ni mo ti mọ̀. Mo to gbogbo wọn sójú ìwé kan, dìde, gbé, omi wà nílẹ̀, àga tí wọ́n ń tì, aṣọ ibùsùn, ọrùn tí wọ́n ń nù. Ta ló ń nu ọrùn ọ̀gá ọ́fíìsì? Mo sì rí i pé kò síbi tí o ti sọ "ìwọ" fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Mo fi han Tíṣà, ó kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Màmá, ọmọ yín ń ṣiṣẹ́ ńlá o." Mo bá so wọ́n pọ̀, mo sì ń sọ ọ́ níwájú dígí nílé, pé ọmọ mi ń gbé àwọn àgbàlagbà, pé ó máa ń rọra. Carry, careful. Ó dùn lẹ́nu mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ rò pé gbólóhùn lásán ni mò ń kà.

Ṣùgbọ́n mo ti kọ̀wé sí ọ pé tí o bá ní nǹkan láti sọ, kí o sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá, mi ò rí nǹkan kan. O pè mí lórí tẹlifóònù, omi gbígbóná lo bá mi sọ. Mo wá rò ó pé bí o ṣe parọ́ fún mi lo ṣe máa parọ́ fún àwọn náà. Mo rò pé ọ́fíìsì ló wà nínú fọ́ọ̀mù. Mo ní tí mo bá lanu sọ òótọ́ níbí, ọmọ mi ni mo máa pè lópùrọ́ lójú àwọn tó gbà á sílé, wọ́n sì lè torí ìyẹn lé e. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi, ọmọ mi. Mo gbé wọn mì. Mo ní, "Office."

Ó tún un bi mí. Ó rọra bi mí, bí ẹni tó fẹ́ kí n rí ọ̀nà gbà. Mo tún ní, "Office." Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó wá yí fọ́ọ̀mù náà sọ́dọ̀ mi, ó fi bírò tọ́ka sójú kan. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ ni, ibi yòówù kí n ti rí i mo máa dá a mọ̀. Mo rí C. Mo rí A. Mo kà á dé òpin fúnra mi, kò sẹ́ni tó bá mi kà á. Òun ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tí mo dá kà láyé mi.

Wọn ò fún mi. Wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tí mo bá ṣì fẹ́. Mo ṣì fẹ́. Tíṣà ti kúrò lórí C, mo sì ń lọ. Má rán ẹ̀gbọ́n rẹ sí mi, ó ti jẹ́wọ́, mo ti bá a jà, a ti parí tiwa.

Iṣẹ́ rẹ ò tì mí lójú. Mo ti ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹrin, ti ìyá tó ní òpùrọ́ ni ọ́ pa mí lẹ́rìn-ín, mo sì sunkún. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ nínú rẹ̀ ni pé ojú ń tì ọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí kò kúrò lọ́kàn mi, tí mo bá ń ránṣọ, tí mo bá ń fọ abọ́, ni ìwé tí ọ̀dọ́kùnrin yẹn yí sọ́dọ̀ mi. Àwọn yẹn bi ọ́ lẹ́ẹ̀kan, o sì kọ òótọ́ sí wọn. Èmi bi ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìyá rẹ.